Igbe Ìyá Ezekiel Ni Mo Fi Ṣe Fọ́tò Fáṣọ̀n

Ẹ má ṣàánú mi. Ẹni tó bá ní àánú lọ́wọ́, kó fi pamọ́ fún Ìyá Ezekiel, nítorí òun ni mo ṣẹ̀. Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, mo mọ ohun tí mò ń ṣe nígbà tí mò ń ṣe é.

Rọ̀kíbátù lorúkọ mi. Àwọn oníbàárà mi ń pè mí ní Rọ̀kí. Fọ́tò fáṣọ̀n ni mò ń yà. Aránṣọ á ránṣọ, módẹ́ẹ̀lì á wọ̀ ọ́, èmi á yà á kí aṣọ náà lè wu ẹni tó bá rí i. Yàrá kan tí mo háyà lókè ilé ìtẹ̀wé Bọ̀ọ̀dá Sùrájù ní Bajulaiye ni mo ti ń ṣiṣẹ́.

Sabina Ikúmápàyí ni módẹ́ẹ̀lì mi. Òun náà sì ni ọ̀rẹ́ mi, ọdún mẹ́fà la ti jọ ń bá a bọ̀. Ọmọ Ìlàjẹ ni, etí omi ní Bariga ni ilé wọn wà. Ẹja ni ìyá rẹ̀ ń yan tà. Apẹja ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ezekiel, orúkọ rẹ̀ sì ni gbogbo àdúgbò fi ń pe ìyá wọn.

Oúnjẹ tí mo ti jẹ nílé obìnrin yẹn kò níye. Bí mo bá ti yọ lọ́ọ̀ọ́kán báyìí, á ti pariwo, "Rọ̀kí, wá jẹun o! O ti gbẹ bí ẹja tó pẹ́ lórí iná."

Ẹni tí mo tà nìyẹn.

Oṣù Kẹta ọdún tó kọjá ni. Aránṣọ kan ní Akoka kó aṣọ mẹ́jọ fún mi láti yà. Mo ní etí omi ni màá ti yà á, níbi tí wọ́n ti ń yan ẹja, kí èéfín lè wà lẹ́yìn aṣọ. Sabina wọ èyí tó dára jù nínú wọn, kóòtù gígùn kan tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí ọsàn tó pọ́n. Ó ń rìn bọ̀ lórí afárá pákó, èmi ń yà á, àwa méjèèjì ń rẹ́rìn-ín.

La bá gbọ́ ariwo láti ojú omi.

Ọkọ̀ méjì ló ń bọ̀, wọ́n so ìkẹta mọ́ ìdí. Bí wọ́n ṣe sún mọ́ tòsí, ariwo náà dákẹ́. Ezekiel ni wọ́n tẹ́ sínú ọkọ̀. Ọkọ̀ ojú omi ńlá kan tó ń kó yanrìn ló kọlù ú láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Ìyá rẹ̀ sáré wá láti ìdí ààrò. Nígbà tó rí ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀, ó fa bùbá ọrùn ara rẹ̀ ya, ó já ìró sílẹ̀. Ó wà ní ìhòòhò níwájú gbogbo èèyàn. Sabina bọ́ kóòtù lọ́rùn, ó sáré fi bo ìyá rẹ̀. Síńgílẹ́ẹ̀tì àti ṣòkòtò péńpé ló kù sí òun náà lára.

Ìyá náà jókòó sórí pákó, kóòtù ọsàn lọ́rùn rẹ̀, èéfín lẹ́yìn rẹ̀. Ó la ẹnu gbàgà. Ohùn ò jáde.

Mo gbé kámẹ́rà sójú.

Mi ò ní parọ́ fún yín pé ọwọ́ mi ló ṣe é tí ọkàn mi ò mọ̀. Mo wo ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń bọ̀. Mo sún sápá òsì díẹ̀ kí òpó iná má bàa hàn lẹ́yìn orí rẹ̀. Mo yà á lẹ́ẹ̀mọ́kànlá.

Sabina ló rí mi.

"Rọ̀kí! Ṣé ìyá mi lò ń yà?"

"Sabina, mi ò tiẹ̀ mọ̀gbà tí..."

"Dílíìtì ẹ̀. Dílíìtì ẹ̀ lójú mi báyìí."

Mo dílíìtì ẹ̀ lójú rẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan, títí mọ́kànlá fi pé. "Ó ti lọ," ni mo wí. "Mo fi Ọlọ́run búra, ó ti lọ."

Òótọ́ ni pé ó ti lọ, lórí káàdì kan. Káàdì méjì ni kámẹ́rà mi ń lò. Ohun tí mo bá yà, inú méjèèjì ló ń wọ̀, torí bí ọ̀kan bá bàjẹ́. Sabina ò mọ̀. Èmi mọ̀.

Mo lọ síbi ìsìnkú. Mo gbé ìyá náà mọ́ra, mo bá a sunkún. Káàdì kejì wà nínú báàgì tí mo gbé kọ́ apá.

*

Oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn náà ni mo pàdé Delight.

Òun ló ni magasíìnì kan tí gbogbo àwa tí à ń ya fọ́tò fáṣọ̀n ń gbàdúrà pé kí iṣẹ́ wa wọ̀ kí a tó kú. Ó fẹ́ gbé ẹ̀dà pàtàkì kan jáde, kó sì ṣe àfihàn ní gbọ̀ngàn kan ní Akoka. Ó fẹ́ fi han aráyé pé fọ́tò fáṣọ̀n kọjá ìpolówó aṣọ, pé iṣẹ́ ọnà ni, pé ó yẹ lára ògiri bí àwòrán tí wọ́n fi ọ̀dà yà.

Mo kó méjìlá tó dára jù lọ́wọ́ mi lọ bá a. Ó ń ṣí wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Ó mọ́," ló wí nígbẹ̀yìn.

"Ẹ ṣé, mà."

"Mi ò yìn ọ́. Ó mọ́ bí àwo tí ẹnikẹ́ni ò tíì fi jẹun. Aṣọ ni mò ń rí, mi ò rí èèyàn nínú ẹ̀. Aṣọ yìí á tà, fọ́tò yìí á kú. Èyí tó dun ìwọ fúnra ẹ nígbà tí o yà á, níbo ló wà?"

Mo kórìíra obìnrin náà lójú ẹsẹ̀. Mo kórìíra yẹtí rẹ̀, mo kórìíra bó ṣe fi ìka kan ṣoṣo ti fọ́tò mi sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ohun tó bí mi nínú jù ni pé òótọ́ ló sọ. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí. Ibi tí mo ti ń rí àwòrán mi ni kàlẹ́ńdà àwọn télọ̀, àti bébà tí wọ́n fi ń di ẹ̀pà ní àdúgbò Pedro.

Mo délé, mi ò bọ́ bàtà. Mo wá káàdì kejì jáde, mo kì í bọnú kọ̀ǹpútà. Ìkeje nínú mọ́kànlá ló mú mi. Ọsàn, èéfín, ẹnu tó là. Ojú mi ti rí fọ́tò púpọ̀ láyé, mo sì mọ̀ pé kò sí ẹni tó máa fi ìyẹn di ẹ̀pà.

Mo fi ránṣẹ́. Kò pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá, Delight pè mí. Ohùn rẹ̀ ti yí padà.

"Rọ̀kíbátù, ta ni obìnrin yìí?"

"Ìyá kan ni, mà. Létí omi ní Bariga."

"Fetí sí mi dáadáa. Bó bá jẹ́ pé ìbànújẹ́ tó dé bá a lóòótọ́ lo rí tí o yà, mi ò fẹ́. Èmi kì í fi ẹkún ẹlẹ́kún ṣe ọ̀ṣọ́. Irọ́ ni fọ́tò fáṣọ̀n. Ẹni tó wà nínú ẹ̀ mọ̀ pé irọ́ ni, ẹni tó ń wò ó náà mọ̀. Ẹwà ẹ̀ nìyẹn. Ṣé ìwọ lo tò ó?"

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, kò sẹ́ni tó fi ìbọn tì mí. Kò sẹ́ni tó tàn mí. Obìnrin náà ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún mi gbayawu pé kí n gba ibẹ̀ jáde.

"Èmi ni mo tò ó," ni mo wí.

"Kóòtù ńkọ́?"

"Èmi ni mo wọ̀ ọ́ fún un."

"Ẹnu tó là yẹn?"

"Mo ní kó là á bẹ́ẹ̀ ni."

Ó mí kanlẹ̀. "Iṣẹ́ ńlá lo ṣe. Iwájú magasíìnì ni màá gbé e sí. Òun náà ló máa wà lára ògiri tí wọ́n máa kọ́kọ́ rí."

Inú mi dùn débi pé mo júwe ilé ìtẹ̀wé Bọ̀ọ̀dá Sùrájù fún un, mo ní kí wọ́n wá tẹ ìwé ètò àfihàn níbẹ̀. Mo fẹ́ kí gbogbo Bajulaiye mọ̀ pé mo ti di èèyàn.

Ní gbogbo àkókò yìí, Sabina ṣì ń wá bá mi ṣiṣẹ́. Lọ́jọ́ kan, bí mo ṣe ń tún iná ṣe, ó ní, "Mọ́mì ń béèrè ẹ. Wọ́n ní o ò yọjú mọ́."

"Iṣẹ́ ló pọ̀."

"O mọ̀ pé wọn ò lè gba orí afárá yẹn mọ́? Ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ń gbà dé ìdí ààrò. Láti ọjọ́ yẹn."

"Gbé àgbọ̀n sókè díẹ̀," ni mo wí. Mo sì yà á.

*

Àfihàn ku ọjọ́ méjì. Ọjọ́bọ̀ ni.

Ọdún Ezekiel ti ń pé bọ̀, Sabina sì fẹ́ tẹ ìwé ètò ìsìn ìrántí. Ọ̀dọ̀ Bọ̀ọ̀dá Sùrájù ló lọ, torí èmi ni mo mú un mọ̀ ọ́n. Mi ò mọ̀ pé ó ń bọ̀. Mo wà lókè, mo ń lọ aṣọ tí màá wọ̀ lọ́jọ́ Sátidé, mo gbọ́ tí màṣíìnì ìgéwé dákẹ́ nísàlẹ̀. Mo rò pé wọ́n mú iná lọ ni.

Bọ̀ọ̀dá Sùrájù ló gun àkàsọ̀ wá.

"Rọ̀kí, kí lo ṣe fún Sabina?"

"Sabina? Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Ó wá tẹ ìwé ìrántí ẹ̀gbọ́n ẹ̀. Mo sì ń gé ìwé àfihàn yín lọ́wọ́, èyí tí fọ́tò ẹ wà níwájú ẹ̀. Ó mú ọ̀kan nílẹ̀, ó wò ó. Ó ní kí n dá màṣíìnì dúró. Mo ní kí ló dé. Ó ní, 'Bọ̀ọ̀dá, orí ìyá mi lẹ ń gé.'"

Mo gbé áyọ́ọ̀nù kalẹ̀.

"Ṣé ìyá ẹ̀ nìyẹn, Rọ̀kí? Ṣé obìnrin náà mọ̀?"

Ó wò mí bí ẹni tó rí ìgbẹ́ lórí ẹní ìkírun.

"Mo ti gba iṣẹ́ oníṣẹ́, màá parí ẹ̀," ló wí. "Ṣùgbọ́n ìwọ, bí oṣù yìí bá ti parí, wá ibòmíì háyà."

Mo pe Sabina títí fóònù mi fi gbóná. Kò gbé e. Mo kọ̀wé sí i: "Jọ̀ọ́, jẹ́ kí n ṣàlàyé." Ó kà á.

Lọ́jọ́ Ẹtì, Delight pè mí.

"Èrò tó ń bọ̀ lọ́la pọ̀. Wọ́n á bi ọ́ ní ìbéèrè. Ṣé kò sí nǹkan kan tó yẹ kí n mọ̀?"

"Kò sí, mà."

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mò ń rò gan-an, bó ti wù kó burú tó. Mò ń rò pé obìnrin ẹlẹ́ja ni. Mò ń rò pé kí ló fẹ́ wá wá láàárín àwọn olùkọ́ yunifásítì àti àwọn tó ń fín lọ́fínńdà? Ibi tí mo ba ìwà jẹ́ dé nìyẹn, mo ti ń fi iṣẹ́ tó fi bọ́ mi bú u nínú ọkàn mi.

*

Gbọ̀ngàn náà kún ní agogo mẹ́ta ọ̀sán ọjọ́ Sátidé. Fọ́tò mi ga ju ilẹ̀kùn lọ. Wọ́n tan iná sí i lórí, ọsàn náà sì ń jó bí iná. Àwọn èèyàn á dé iwájú rẹ̀, wọ́n á dákẹ́. Mo ti ń dúró de irú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn láti ọdún mọ́kànlá.

Delight gbé máìkì fún mi. "Sọ fún wa bí o ṣe ṣe é."

Mo sọ ọ́. Ẹnu mi dùn lọ́jọ́ náà bí ẹnu alágbàwí. Mo ní mo fẹ́ kí aṣọ ọlọ́rọ̀ àti ẹkún tálákà pàdé lójú kan. Mo ní mo wá obìnrin kan tí ojú rẹ̀ lè gbé e. Mo ní, "Mo sọ fún un pé kó ronú kan ohun tó bà á nínú jẹ́ jù láyé. Kò kọ́kọ́ ṣe é dáadáa. A tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́rin kó tó rí bí mo ṣe fẹ́."

Wọ́n pàtẹ́wọ́.

"Lẹ́ẹ̀mẹ́rin?"

Ẹ̀yìn ni ohùn náà ti wá. Ìyá Ezekiel ló dúró lẹ́nu ọ̀nà, aṣọ dúdú lọ́rùn rẹ̀, Sabina di apá rẹ̀ mú. Èrò là fún wọn. Àwọn kan tiẹ̀ rò pé ara ètò ni, wọ́n gbé fóònù sókè.

"Ẹ̀ẹ̀melòó lo ní a tún un ṣe, Rọ̀kí?"

Mo gbé máìkì kúrò lẹ́nu.

"Ẹ̀ẹ̀kan ni ọmọ mi kú. Ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n gbé e wálé fún mi. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta tó kù, ìgbà wo ni? Mo ní ìgbà wo? Ṣé ìwọ lo gbé e wá?"

Àwọn tó gbé fóònù sókè yí i sọ́dọ̀ mi.

Delight gba máìkì lọ́wọ́ mi. "Rọ̀kíbátù, ta nìyí?"

Sabina ló dá a lóhùn. Kò pariwo. "Ìyá mi ni. Ẹni tí ẹ gbé kọ́ ara ògiri nìyí. Ọjọ́ tí wọ́n gbé òkú ẹ̀gbọ́n mi wọlé lẹ̀ ń wò yẹn. Kò sẹ́ni tó to nǹkan kan. Èmi ni mo bọ́ kóòtù yẹn láti fi bo ìhòòhò ìyá mi. Rọ̀kí wá dìde, ó fi ohun tí mo bò han gbogbo ayé."

Mo kúnlẹ̀. "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí."

"Dìde níbẹ̀. Wọ́n á tún ya ìyẹn náà, wọ́n á ní iṣẹ́ ọnà ni."

Ó kọjá lára mi lọ síwájú fọ́tò náà. Ó dúró, ó gbójú sókè. Kò tíì rí ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Ta ló ń wo dígí lọ́jọ́ tí ọmọ bá kú?

"Sabina," ló wí, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, "ṣé bí mo ṣe rí nìyí?"

"Ẹ má wò ó, Mọ́mì."

"Ṣé bí Ezekiel ṣe fi mí sílẹ̀ nìyí?"

Sabina yí ojú ìyá rẹ̀ padà, ó mú un jáde. Bí wọ́n ṣe ń lọ, fóònù ṣì wà lókè.

Delight fúnra rẹ̀ àti àwọn ọkùnrin méjì ló sọ fọ́tò náà kalẹ̀, wọ́n kọ ojú rẹ̀ sí ògiri. Ó wá dúró tì mí, ó rọra sọ̀rọ̀ kí ẹlòmíì má bàa gbọ́.

"Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo bi ọ́. Jáde."

*

Ẹ̀yin á rò pé ó parí síbẹ̀. Kò parí.

Delight kó magasíìnì tó kù nílẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tó ti jáde ti jáde. Nígbà tó fi di ọjọ́ Ajé, ẹnì kan ti gé ojú ìyá náà sọ́tọ̀. Kò sí kóòtù, kò sí èéfín, ẹnu tó là nìkan ló kù. Wọ́n sọ ọ́ di sítíkà tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ síra wọn lórí fóònù. Wọ́n á kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Nígbà tí wọ́n bá mú iná lọ." Wọ́n á kọ pé, "Nígbà tí àna ẹ bá ní òun ń bọ̀ wá lo ọ̀sẹ̀ kan." Àbúrò mi tí kò mọ nǹkan kan fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí mi, ó ń rẹ́rìn-ín.

Mo kọ̀wé bẹ àwọn èèyàn tí mi ò mọ̀ rí pé kí wọ́n yọ ọ́. Àwọn kan yọ ọ́. Ẹnì kan ní, "Ìwọ tó yà á ńkọ́, ìyá olóòótọ́?"

Mo lọ sílé Ìyá Ezekiel. Sabina ló ṣílẹ̀kùn, kò ṣí i tán.

"Kí lo fẹ́?"

"Mo wá tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Mọ́mì."

"Wọn ò fẹ́ rí ẹ."

"Sabina, o mọ̀ mí..."

"Mo mọ̀ ẹ́. Ohun tó ń bí mi nínú nìyẹn." Ó wò mí láti òkè délẹ̀. "O mọ ohun tó burú jù? Ká ní o wá bi wọ́n. Ká ní o gbé fọ́tò yẹn wá, o jókòó síbí, o ní, 'Mọ́mì, mo ní èyí, mo mọ̀ pé kò yẹ kí n ní i, ṣé kí n lò ó àbí kí n jó o?' Bóyá wọn ì bá ní kí o lò ó. O mọ̀ wọ́n, wọn kì í fi nǹkan du èèyàn. Ṣùgbọ́n o ò bi wọ́n. Lójú tìẹ, kí ni ẹlẹ́ja mọ̀ nípa iṣẹ́ ọnà?"

Ó ti ilẹ̀kùn.

Ẹ̀yin tí ẹ ní kámẹ́rà lọ́wọ́, àní ti fóònù, mi ò ní wàásù gígùn fún yín. Ojú èèyàn kì í ṣe tiyín nítorí pé ìmọ́lẹ̀ bọ́ sí i dáadáa. Ẹ bi í. Bó bá ní rárá, ẹ jẹ́ kó jẹ́ rárá, kódà bó bá jẹ́ òun ni fọ́tò tó dára jù tí ẹ máa yà láyé yín. Tèmi yẹn ló dára jù tí mo yà. Mi ò tíì ya èyí tó tó o láti ìgbà náà, mi ò sì rò pé màá yà á.

Mo lọ síbi ìsìn ìrántí Ezekiel. Wọn ò pè mí. Mo dúró sẹ́yìn ògiri ilé ìjọsìn wọn títí wọ́n fi parí tí wọ́n jáde síta. Sabina rí mi. Kò lé mi, kò kí mi. Ó yí ojú kúrò bí ẹni tó rí òpó iná.

Ayàwòrán ìjọ to ẹbí sójú kan, Ìyá Ezekiel láàárín. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, ó ń rẹ́rìn-ín sí wọn. "Ẹ sún mọ́ra díẹ̀ sí i. Mọ́mì, ẹ wo ibí."

Bó ṣe gbé kámẹ́rà sójú báyìí, obìnrin náà gbé àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì, ó fi bo ojú.

"Ha, Mọ́mì, ẹ sọwọ́ kalẹ̀. Fọ́tò lásán ni."

Kò sọ ọ́ kalẹ̀. Ó dúró bẹ́ẹ̀ láàárín àwọn ẹbí rẹ̀. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ títí, wọ́n sì yà á bẹ́ẹ̀.

Ẹnì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní, "Kí ló ń ṣe ìyá yìí? Ó ń tijú ni?"

Mo ní rárá. Mo ní èmi ni mo kọ́ ọ láti bo ojú.